Àwọn Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọlọ́dún Mẹ́ta ní Agbègbè Àbújá: Níbo ni Kí A Fi Ọmọ Wa Sí?

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láàrín wa tí kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìyá sùn dáadáa. Ìdílé méje nínú ẹgbẹ́ wa ni ó ní ọmọ tí yóò parí pírámárì ní ọdún yìí. Àwọn kan ní kí a kó àwọn ọmọ náà lọ sílé, lọ́dọ̀ ìyá àgbà, kí wọ́n lọ kàwé ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn mìíràn ní kò sí ibì kan tí ó dára àfi kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó wà nítòsí ilé tó ọmọ ènìyàn. Nítorí pé iṣẹ́ mi ń gbé mi káàkiri gbogbo agbègbè yìí, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí n kọ ohun tí ojú mi ti rí sílẹ̀, kí olúkúlùkù lè fi rò ó wò. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́ yìí.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn, ẹ jẹ́ kí a mọ irú ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà tí ó wà láàrín wa kò ní gbàgbé Mọ́dà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní pírámárì. Ní ọdún náà, iye ọmọ tí ó wà ní pírámárì ní Ìwọ̀-Oòrùn ju 800,000 lọ. Ìjọba rí i pé àwọn girama tí ó wà nílẹ̀ kò lè gba irú èrò bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá dá Mọ́dà sílẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́ta tí ọmọ lè lọ lẹ́yìn pírámárì. Ọ̀pọ̀ tísà àti akọ̀wé ayé ìgbà náà ni ó jẹ́ pé Mọ́dà ni wọ́n kà.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí à ń pè ní JSS lónìí jọ Mọ́dà ní ti pé ọdún mẹ́ta ni, lẹ́yìn pírámárì ni ọmọ sì ń wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàrín wọn. Owó ni à ń san ní Mọ́dà, kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó ń dé ibẹ̀. Ní ti JSS, òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2004 sọ pé pírámárì ọdún 6 àti JSS ọdún 3 jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, pé ó sì di dandan fún gbogbo ọmọ. Òbí tí ó bá kọ̀ tí kò fi ọmọ sílé-ẹ̀kọ́, ìjọba lè pè é lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ tí mo wí yìí, ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ o. Owó yunifọ́ọ̀mù, owó ìwé, owó ẹgbẹ́ òbí àti tísà, àti owó ọkọ̀ ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, àpò bàbá àti ìyá ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Ní Àbújá yìí, owó ọkọ̀ nìkan lè ju gbogbo ìyókù lọ.

Ohun kejì tí ó yẹ kí a mọ̀ ni ẹni tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́. Àbújá kò ní gómìnà. Mínísítà ni ó ń ṣàkóso rẹ̀ lórúkọ Ààrẹ. Ìpín mẹ́fà ni wọ́n pín in sí: Abaji, Kwali, Gwagwalada, Kuje, Bwari, àti àárín ìlú pẹ̀lú àyíká rẹ̀ tí à ń pè ní AMAC. Ọwọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà yìí ni owó oṣù àwọn tísà pírámárì wà. JSS kò sí lábẹ́ wọn. Bọ́ọ̀dù tí à ń pè ní UBEB, tí ó jẹ́ ti àjọ ìṣàkóso Àbújá, ni ó ń bójú tó o. Àwọn kíláàsì àgbà, láti SS 1 dé SS 3, tún ní bọ́ọ̀dù tiwọn lọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè dé àgbàlá kan ṣoṣo kí ẹ bá pirinsípà méjì níbẹ̀, ọ̀kan fún àwọn ọmọ kékeré, ọ̀kan fún àwọn àgbà, tí olúkúlùkù sì ní tísà tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Bí ẹ bá fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀ ọmọ JSS, ẹ rí i pé ọ̀dọ̀ pirinsípà JSS ni ẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ní ọdún 2025, láti oṣù kẹta títí wọ oṣù keje, àwọn tísà pírámárì ìjọba ní agbègbè yìí daṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kò san owó oṣù tuntun tí òfin là sílẹ̀. Àwọn ọmọ wa jókòó sílé, àwọn kan ń bá ìyá wọn kiri ọjà. Ọmọ tí ó bá wà ní pírámárì nígbà náà ti pàdánù ohun tí ó tó odindi táàmù kan. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé JSS 1, ilé-ẹ̀kọ́ tí tísà rẹ̀ ń fara balẹ̀ ni yóò gbà á là, ìbáà máa ní orúkọ, ìbáà má ní.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a máa rìn. N ó gbà á bí ẹni tí ó ń ti ilé bọ̀, tí ó gba Lọ́kọ́jà.

Abaji ni ìlú àkọ́kọ́ tí à ń kàn ní agbègbè Àbújá. Ìlú àtijọ́ ni, ó ní ọba tí à ń pè ní Ọ̀nà Abaji. Ilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì dára. Ìdílé wa tí ó wà níbẹ̀ kò pọ̀, àwọn oníṣòwò àti awakọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní irú ìlú tí ó jìnnà báyìí, ọmọ kò ní fún ara wọn pa nínú kíláàsì. Tísà gan-an ni ìṣòro. Ọ̀pọ̀ tísà ni kò fẹ́ gbé ní ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń ti Gwagwalada tàbí àárín ìlú wá. Bí òjò bá rọ̀ ní òwúrọ̀ tàbí bí owó epo bá gbówó lórí, kíláàsì yóò dúró láìní tísà. Ẹni tí ó bá ń gbé ìhà ibẹ̀, kí ó bèèrè bí tísà ìṣirò àti ti Gẹ̀ẹ́sì bá ń gbé nínú ìlú.

Láti Abaji a dé Kwali. Ibẹ̀ ni ìlú Ladi Kwali, obìnrin amọ̀kòkò tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun, tí àwòrán rẹ̀ sì wà lára owó 20 náírà. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n yí owó náà padà kí wọ́n wò ó. Kwali náà ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba Àpapọ̀ kan wà, ọ̀kan nínú àwọn tí òbí ń dù. Àwọn mìíràn wà ní Bwari àti Abaji fún àwọn ọmọbìnrin, àti ní ìhà Garki fún àwọn ọmọkùnrin. Ìdánwò àṣewọlé tí NECO ń ṣe ní gbogbo orílẹ̀-èdè ni ọmọ fi ń wọ ibẹ̀. Bí ọmọ bá wọlé, ó lè ka ọdún mẹ́fà pọ̀ níbẹ̀, kò sì sí àní-àní pé ọmọ tí ó ti ibẹ̀ jáde máa ń mọ ènìyàn láti gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n ohun méjì wà tí òbí gbọ́dọ̀ rò. Èkínní ni owó. Ní ọdún 2023, ìjọba gbé owó tí ọmọ tuntun tí ń gbé inú ilé-ẹ̀kọ́ ń san kúrò ní 45,000 náírà, ó di 100,000 náírà ní táàmù kan. Ìkejì ni ààbò. Ní oṣù keje ọdún 2022, àwọn agbébọn dé abúlé kan tí kò jìnnà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Kwali, ìjọba sì ní kí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa lójú ẹsẹ̀, kí òbí wá kó ọmọ wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, lẹ́yìn tí wọ́n jí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kó ní ìpínlẹ̀ Kebbi àti Niger, ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n tún tì. N kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Mo sọ ọ́ kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ yóò máa gbé inú ilé-ẹ̀kọ́ lè mọ bí yóò ṣe dé ibẹ̀ ní wákàtí méjì bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè é.

Gwagwalada ni ó tẹ̀lé e. Ìlú ńlá ni, ọjà rẹ̀ kún, Yorùbá sì pọ̀ níbẹ̀. Yunifásítì Àbújá, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, wà níbẹ̀. Bí a bá kọjá díẹ̀ sí ìhà àríwá, a ó dé Zuba, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń kọ́ àwọn tísà wà. Ohun tí èyí ń ṣe fún JSS ìtòsí ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ tísà máa ń wá dán ọwọ́ wò níbẹ̀. Àwọn òbí kan ń kùn sí èyí, wọ́n ní ọmọdé ń kọ́ ọmọdé. Èmi rí i pé ó sàn ju àga tísà tí ó ṣófo lọ. Ilé kò sì tíì wọ́n níbẹ̀ bíi ti àárín ìlú. Bí mo bá ń gba ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ìdílé bọ̀ nímọ̀ràn, Gwagwalada ni mo kọ́kọ́ ń dárúkọ.

Kuje wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, kò sí lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà. Ìlú tí ń dàgbà ni, ọjà oúnjẹ rẹ̀ sì dára. Mo fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ pé ibẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba fún àwọn adití wà, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn ọmọ afọ́jú ṣe wà ní Jabi nínú ìlú. Mo sọ èyí nítorí pé ìdílé kan nínú wa fi ọmọ wọn tí kò gbọ́ràn sílé fún ọdún mẹ́ta, wọ́n rò pé kò sí ibi tí yóò gbà á. Ibi wà. Ẹ má fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́.

Ó wá ku àárín ìlú: Garki, Wuse, Jabi, Maitama. Títì ibẹ̀ fẹ̀, igi wà lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn JSS tí ó wà níbẹ̀ sì ti pẹ́ ju ti àwọn ìlú ẹ̀yìn odi lọ. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó wá síhìn-ín ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991, ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó kún inú ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí. Tísà kì í sá fún àárín ìlú. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òbí tí ń gbé Lugbe, Kubwa tàbí Mararaba fi ń wá ọ̀nà àti fi ọmọ síbẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ ní Wuse." Ó dùn ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa.

Mararaba ni àwọn òbí rẹ̀ ń gbé, inú ìlú ni wọ́n fi í sí. Aago márùn-ún ìdájí ni ó ń jí kúrò nílé kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Nyanya tó bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ó ń wọlé, nígbà mìíràn aago méje. Nínú kíláàsì, oorun ni ó ń sùn. Ọmọ tí ó máa ń ṣe ipò karùn-ún ní pírámárì ṣe ipò kọkànlélọ́gbọ̀n ní táàmù kejì. Bàbá rẹ̀ nà án, ó pè é ní ọ̀lẹ. Ìyá rẹ̀ ni ó ka wákàtí, tí ó rí i pé ọmọ náà ń lo ju wákàtí mẹ́rin lọ nínú ọkọ̀ lójúmọ́. Wọ́n mú un padà sí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ẹsẹ̀ lè rìn dé. Ilé rẹ̀ kò rẹwà, ferese kan kò ní gíláàsì. Kí ọdún tó yípo, ọmọ náà ti padà sí ipò rẹ̀.

Kubwa àti Bwari wà ní ìhà àríwá. Kubwa fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìlú tiwa báyìí. Ẹ ó gbọ́ Yorùbá lọ́jà, ẹ ó rí àmàlà jẹ. Láti ọdún 2016 ni ọkọ̀ ojú irin Kaduna ti ń dúró níbẹ̀. Ní Bwari, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni orí iléeṣẹ́ JAMB. Àwọn ọmọ JSS ibẹ̀ máa ń rí àwọn tí ó dàgbà jù wọ́n lọ tí wọ́n ń kọjá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, èyí sì ń ṣe ọmọdé ní àǹfààní. Àléébù Kubwa ni èrò. Nínú ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo wọ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn ìlú ẹ̀yìn odi wọ̀nyí, tí n kò ní dárúkọ, ọmọ mẹ́rin ni ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹni méjì, tísà kò sì lè rìn dé ẹ̀yìn kíláàsì. Síbẹ̀ tísà ìṣirò ibẹ̀ mọ orúkọ gbogbo wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ bí ó ṣe ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kò lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá wo ọ̀dà ara ògiri nìkan.

Ní ìlà-oòrùn ni Karu àti Nyanya wà, lẹ́yìn wọn sì ni Mararaba. Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Mararaba kì í ṣe Àbújá. Ìpínlẹ̀ Nasarawa ni, bí Suleja ṣe jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Niger. Ọmọ tí ó bá wà ní JSS ìjọba ní Nyanya, ìdánwò ìparí JSS tí àjọ Àbújá ń ṣe ni yóò ṣe. Èyí tí ó bá wà ní Mararaba, ti Nasarawa ni. Àwọn òbí kan ń ṣí kúrò ní ìhà kan ààlà sí ìhà kejì nítorí owó ilé, wọ́n sì ń gbé ọmọ tí ó ti wà ní JSS 3 kúrò ní agbede méjì ọdún. Orúkọ ọmọ lè ti lọ sí ìhà kan fún ìdánwò kí ara rẹ̀ tó lọ sí ìhà kejì. Bí ẹ óò bá ṣí ilé, ẹ ṣe é kí ọmọ tó wọ JSS 3, tàbí kí ẹ dúró kí ó ṣe ìdánwò tán.

Ẹ ó bèèrè pé, Yorùbá ńkọ́? Èyí ni ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ó ní kí a kó ọmọ lọ sílé ń tẹnu mọ́ jù, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Láti ọdún 1977 ni ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti sọ pé kí ọmọ kọ́ ọ̀kan nínú Haúsá, Ígbò àti Yorùbá ní àfikún sí èdè tirẹ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ pírámárì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó dùn mí, nítorí pé láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ pírámárì fún odindi ọdún mẹ́fà, tí àwọn ọmọ náà sì mọ̀wé, tí wọ́n tún mọ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, bí ẹ bá dé JSS, ẹ bèèrè bóyá tísà Yorùbá wà níbẹ̀. Àwọn kan ní, àwọn kan kò ní. Bí kò bá sí, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ẹ máa bá ọmọ sọ Yorùbá nílé, kí ẹgbẹ́ wa sì wá tísà kan tí yóò máa kọ́ wọn ní kíkà àti kíkọ ní ọjọ́ Sátidé.

Ní ti kíkó ọmọ lọ sílé, mo mọ ọmọkùnrin kan tí ó lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní Òṣogbo tí ó sì ṣe dáadáa. Ìyá àgbà náà ti jẹ́ tísà rí, ara rẹ̀ sì le. Mo tún mọ ọmọbìnrin kan tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ẹbí tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ilé àti ọjà ni ó ń ṣe, tí ìwé sì di ohun tí ó ń kà ní òru. Àwọn òbí rẹ̀ kò mọ̀ títí ọdún kejì fi parí. Láti ọdún 11 dé 14 ni ọmọ ń yí padà jù. Ní àkókò yìí, ojú òbí ni ó yẹ kí ó wà lára rẹ̀. Bí ìdí pàtàkì kò bá sí, tèmi ni pé kí ọmọ dúró lọ́dọ̀ yín fún ọdún mẹ́ta yìí. Lẹ́yìn náà, bí ó bá di SS 1, ẹ tún lè rò ó wò.

Báwo ni a ó ṣe yan láàrín JSS méjì tàbí mẹ́ta tí ó súnmọ́ ilé? Ẹ má gbọ́ ti aládùúgbò nìkan. Ẹ gba àyè níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, kí ẹ dé ibẹ̀ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Ẹ wo iye tísà tí ó ti dé. Ẹ padà wá ní ọ̀sán Fúráìdè, kí ẹ wo iye tí ó kù. Ẹ bèèrè bóyá òwúrọ̀ ni àwọn JSS 1 ń wá tàbí ọ̀sán, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ tí èrò pọ̀ sí lè pín wọn sí méjì, ọmọ tí ó ń ṣe ti ọ̀sán yóò sì máa bọ̀ nínú òkùnkùn. Ẹ wo ilé ìyàgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin bóyá omi wà níbẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọbìnrin tí ó ti bàlágà máa ń jókòó sílé nítorí èyí, wọn kì í sì í sọ ọ́. Ẹ bèèrè ìwé ọmọ JSS 3 kan lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ ṣí i. Bí tísà bá ti fi bírò pupa sí i láàrín oṣù yẹn, iṣẹ́ ń lọ. Lákòótán, ẹ rin ọ̀nà náà fúnra yín láti ilé dé ibẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ọmọ yóò sọdá títì márosẹ̀, bóyá afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà.

Ọmọ tèmi náà wà nínú àwọn méje tí mo sọ. Mo ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta nítorí rẹ̀, mo sì ti yan èyí tí ó gba ìṣẹ́jú 15 láti fi ẹsẹ̀ rìn dé. Kì í ṣe òun ni ó lẹ́wà jù. Tísà mẹ́jọ ni mo bá níbẹ̀ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Mọ́ńdè, mẹ́fà sì wà níbẹ̀ títí aago ìparí fi lù ní Fúráìdè. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a jọ lọ wo ti àdúgbò rẹ̀, kí ó wá bá mi. Ọjọ́ Mọ́ńdè tàbí Fúráìdè ni mo lè gba àyè. Kí Olódùmarè bá wa wo àwọn ọmọ náà. Ire o.